Ọdún Tí A Fi Ìgò Ṣe Ọfà

Bí ènìyàn bá wọ agboolé wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́dún náà, àgádágodo ni yóò kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀kùn tibí, àgádágodo. Ilẹ̀kùn tọ̀hún, àgádágodo. Ìpáàrà ti mú òmíràn débi pé kọ́kọ́rọ́ tó bá wọnú rẹ̀ kò ní í yí mọ́. Abíjáǹ ni àwọn tó ni yàrá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ránṣẹ́ pé kí ará ilé bá àwọn fi páànù tuntun bo ilé tí àwọn kì í sùn nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, àwọn páànù náà á máa ró kẹ̀ù, kẹ̀ù, bí ẹni pé ẹnìkan ń rìn lórí òrùlé. Màá gbójú sókè, n kò ní í rí ẹnikẹ́ni. Alángbá á já bọ́, á mi orí, á sáré gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ẹni tí kò sí nílé. Ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ni ìyá mi mú mi wá síbẹ̀, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Bàbá mi ti ṣáájú lọ sí Abíjáǹ, ìyá mi fẹ́ lọ bá wọn, yàrá tí bàbá mi rí gbà lọ́hùn-ún kò sì ju ibi tí ẹni méjì lè na ẹsẹ̀ sí lọ. "Rábì, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, màá wá mú ọ," ni ìyá mi wí. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí omi kankan lójú mi. Ojú tiwọn ni omi wà.

Ẹni méjì péré ló ṣẹ́kù sínú agboolé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Èkejì ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, opó ìbátan wa kan, tí yàrá tiwọn wà níkangun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwọn ni wọ́n máa ń jí ṣáájú. Ohùn tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni ti ọmọrogùn wọn nínú ìkòkò ògì, gbùdù, gbùdù, lẹ́yìn náà òórùn ewé eéran tí wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sí á gba gbogbo agboolé kan. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ la fi ń ṣí ẹnu. Lálẹ́, láfún àti ọbẹ̀ ilá, èyí tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn nítorí pé ó rọrùn láti fi ọwọ́ kan jẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Ẹlẹ́kọ á wé gèlè funfun lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, agboolé á sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń gbọ́ bí ọmọ tẹ̀sùbáà ṣe ń já lé ara wọn lọ́wọ́ Bàbá Alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọnmi, kí n fọ abọ́, kí n sì gbálẹ̀. Gbogbo ojúlé ni mo ń gbá, títí kan ti àwọn tí kò sí. Mo bi Bàbá Alágbẹ̀dẹ lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí mo fi ń gbá ibi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Bí wọ́n bá dé ńkọ́? Ṣé inú pàǹtí ni kí wọ́n wọ̀ sí?" Mo ń gbá a lọ. Bí mo bá gbá dé iwájú yàrá bàbá mi, mo máa ń gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi débẹ̀, inú àgbẹ̀dẹ wọn ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Àrùn ẹ̀gbà ló kọlù wọ́n lójijì níbi tí wọ́n ti ń lu ọkọ́. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ń wọ́, ẹnu yà sápá kan, apá òsì sì rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Kó tó di ìgbà náà, orí ọfà ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Àwọn ọdẹ máa ń wá láti Isundunrin àti àwọn oko tó yí i ká wá gba irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́ wọn, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ́ kó tú lára ẹran. Ìbọn ti ń gbapò ọfà nígbà náà, àmọ́ wọ́n ṣì ń wá. Lẹ́yìn àìsàn, ẹnikẹ́ni kò wá mọ́. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lu irin, tí kò wá lè gbé ọmọ owú mọ́, kí ni kó fi ọwọ́ tó kù ṣe? Ohun tí wọ́n fi ṣe ni èyí tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń lọ sóko, ọkọ́ wọn máa ń hú àwọn òkúta kéékèèké kan jáde nínú ebè, òkúta funfun tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ìdí rẹ̀ gbòòrò díẹ̀ bí ewé. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wọn ní òkè ló ti já nígbà tí ààrá sán. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ní irọ́ ni. Wọ́n kó wọn sínú páálí ẹyin kan, òkúta kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. "Wo ibi tí wọ́n ti ṣá a díẹ̀ díẹ̀," ni wọ́n wí. Ẹnu tó yà náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn já gaara, mo ní láti sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́. "Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe èyí. Àwọn tó gbé ibí kí irin tó dé. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́ jù mí lọ." Nítorí náà, wọ́n fẹ́ mọ bí ẹni náà ṣe ṣe é. Àgbẹ̀dẹ kò ṣe é wọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ṣíṣá òkúta kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ẹwìrì, ìjókòó ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n rí i pé òkúta le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n wá yí sí àfọ́kù ìgò, tó ń bó bí òkúta ṣe ń bó, àmọ́ tó rọ̀ jù ú lọ. Ohun kan ṣoṣo ló dí wọn lọ́wọ́: iṣẹ́ náà gba ọwọ́ méjì, ọ̀kan láti di ìgò mú, ọ̀kan láti tẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n á fi orúnkún méjèèjì há ìgò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ìgò á ta nù. Wọn kì í ṣépè. Wọ́n á kàn máa wo ọwọ́ òsì wọn tó wà lórí itan bí ọmọ ẹlòmíràn tó sùn lọ síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbálẹ̀ tán, mo lọ jókòó sẹ́bàá wọn, kì í ṣe pé wọ́n pè mí, kò sí ibòmíràn tí mo lè jókòó sí ni. Ìdí ìgò kan ta bọ́ lórúnkún wọn, ó yí wá sẹ́sẹ̀ mi. Mo mú un, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn. Wọn ò gbà á.

"Dì í mú," ni wọ́n wí.

"Báwo, Bàbá?"

Wọ́n fa awọ ewúrẹ́ líle kan yọ lábẹ́ àga, wọ́n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n gbé ìdí ìgò náà lé e, wọ́n sì pa àwọn ìka mi dé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ọwọ́ mi láti ọjọ́ tí ìyá mi ti lọ, àfi bí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá ń gbé omi rù mí. "Bẹ́ẹ̀. Gbé e lé itan rẹ. Má mira. Bí o bá lè ṣe é, má mí." Wọ́n mú ìwo ẹtu kan tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ́, wọ́n fi ẹnu ìwo náà ti etí ìgò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára èjìká wọn. Kín! Ìpẹ́ kékeré kan bó kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Kín! Òmíràn bó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ẹnu wọn tó yà náà ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, apá kan rín, apá kejì kò rín. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí iṣẹ́. Ọfà àkọ́kọ́ tí a jọ ṣe wọ́ díẹ̀ sápá kan, bí ẹnu wọn gan-an. Wọ́n gbé e sínú páálí ẹyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta àwọn ará àtijọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ohun tí mo ń jí sí. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, n kò ní í gba ọ̀nà tààrà, ẹ̀yìnkùlé olótíbíà ni màá gbà, màá máa wo ilẹ̀. Mo kọ́ pé ìdí ìgò ló dára jù, nítorí pé ó nípọn. Ọrùn ìgò kò wúlò. Ìgò bíà aláwọ̀ ewé máa ń bó dáadáa, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ a máa ṣe oríkunkun. Dígí iwájú mọ́tò kò ṣe é fi ṣe nǹkan kan, bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti di iyọ̀. Àwo tánganran máa ń bó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rí bí ẹfun, kò dán. A tún fi egungun ẹsẹ̀ àgùntàn ṣe é, tí mo jókòó tí mo ń lọ̀ lórí òkúta títí apá fi ro mí. A fi irin agboòrùn ṣe é, a fi eyín irin tí katakata fi ń tú ilẹ̀, tó ti kán nínú oko ẹnìkan, ṣe é. Páálí ẹyin kan kún, a bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà kan, Bàbá Alágbẹ̀dẹ fi òwú àti oje igi so orí ọfà onígò kan tó rí bí ewé mọ́ orí ọ̀pá esùsú, wọ́n ní kí n fi ọrun ọdẹ àtijọ́ wọn ta á. N kò lè fa ọṣán náà dé ìdajì, síbẹ̀ ọfà náà wọ ara igi ìbẹ́pẹ lọ, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń dán. Èmi àti wọn dúró tí a ń wò ó bí ìgbà tí àlejò bá yà wá kí wa.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ pé ohun tí mo fi ìgò ṣe nìyí. Àwọn ọmọ ti rí mi lẹ́yìn ilé ọtí, wọ́n sọ mí ní Aṣàgò. Èyí kò dùn mí púpọ̀. Èyí tó dùn mí ni ti ọmọbìnrin kan tó bá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ìyá tirẹ̀ náà wà ní Abíjáǹ, ṣùgbọ́n tí ìyá rẹ̀ ń wá sílé lọ́dọọdún. Ó ní, "Rábì, àwọn tó bá pẹ́ lọ́hùn-ún a máa gbàgbé o." Kò fi ìkà sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ ni ó ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe di ìgò mú, mo bi Bàbá Alágbẹ̀dẹ pé ṣé òótọ́ ni. Wọ́n tẹ ìwo, ìpẹ́ bó, wọ́n fẹ́ ẹ kúrò. "Bàbá rẹ ni àbúrò mi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Ó gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan." Wọ́n tún tẹ ìwo. "Kì í gbàgbé pátápátá." Ó di ìgbà tí mo di àgbàlagbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi nìkan ni wọ́n ń sọ.

Ọyẹ́ dé. Ètè wa là, páànù ń ró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ewé àgbálùmọ̀ ń já sórí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo ń retí ọ̀kadà tí yóò gbé ìyá mi wá. Kásẹ́ẹ̀tì ló dé. Ọkùnrin kan tó ti Abíjáǹ wálé ló mú un wá, nítorí pé ohùn làwọn ará wa fi ń ránṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe ìwé. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní rédíò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, ọmọ wọn ló rà á fún wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí i ká níwájú yàrá wọn. Ìyá mi kí Bàbá Alágbẹ̀dẹ, wọ́n bèèrè apá, wọ́n bèèrè ẹsẹ̀; wọ́n kí Ìyá Ẹlẹ́kọ; wọ́n kí àwọn ará agboolé tí kò sí nínú agboolé; wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wo ewúrẹ́ àwọn dáadáa. Mo ti ń rò ó pé wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n wá ní, "Rábì, ṣé ò ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu? Wíwá mi lọ́yẹ́ yìí kò ní í ṣe é ṣe mọ́ o. Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ ohun ayọ̀ ni. Fi ara balẹ̀, ọmọ mi." Ìyá Ẹlẹ́kọ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì pa ẹnu dé. N kò mọ ohun tí ohun ayọ̀ náà jẹ́. Ohùn ìyá mi parí, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò tíì parí: a gbọ́ fèrè mọ́tò, ẹnìkan rẹ́rìn-ín lókèèrè, ilẹ̀kùn kan dún, lẹ́yìn náà ariwo ṣììì kan tó kàn ń lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé bóyá wọ́n rántí nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n á padà wá sọ ọ́.

Mo tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì, mo tún un gbọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò bá mi wí, wọ́n kàn máa ń gbé rédíò síta fún mi bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Nígbà tó yá, bátìrì ń kú lọ, ohùn ìyá mi wá ń falẹ̀, ó nípọn, ó di ti ọkùnrin arúgbó kan tó ń pe orúkọ mi láti inú kànga. Bàbá Alágbẹ̀dẹ fi ẹsẹ̀ wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Pa á," ni wọ́n wí, "kí ohùn ìyá rẹ má baà bàjẹ́ sí ọ létí." Mo pa á. Wọ́n ní, "Lọ mú awọ wá."

Ìgò aláwọ̀ aró ló kàn, ìgò oògùn inú rírun Ìyá Ẹlẹ́kọ tó bọ́ fọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì rí irú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sókè sí oòrùn, ó dà bí pé ẹ gbé omi jíjìn kan dání. A fara balẹ̀ ṣe é. Ó ti ń rí bí ewé, ó ku ẹnu rẹ̀ tí a fẹ́ pọ́n, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Alágbẹ̀dẹ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwo yọ̀ lórí ìgò, ìgò gba etí awọ kọjá, ó wọ ìdí àtàǹpàkò mi. N kò ké. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló ké. Wọ́n ń pe Ìyá Ẹlẹ́kọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò já lẹ́nu wọn, ohùn lásán ló ń jáde. Ìyá Ẹlẹ́kọ sáré dé tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. Wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ọwọ́ mi, wọ́n ya etí aṣọ dì í, wọ́n sì kọjú sí Bàbá Alágbẹ̀dẹ. "Ẹ̀yin àgbà! Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fi ìgò ya lọ́wọ́ yìí! Kí lẹ fẹ́ wí fún ìyá rẹ̀? Ẹ ní kí ni?" Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde. Wọ́n kó ìwo, wọ́n kó awọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti páálí ẹyin méjèèjì sábẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ní kí n bá àwọn gbé àga kúrò lábẹ́ igi.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e burú ju gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò níbẹ̀ lọ. Bàbá Alágbẹ̀dẹ kì í jáde. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀, wọ́n á súre fún mi, wọ́n á kọjú sógiri. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo jókòó sábẹ́ igi níbi tí ẹsẹ̀ àga ti gbẹ́ ihò sílẹ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ náà ti ń jinná, mo wọ yàrá wọn, mo wọ́ páálí jáde lábẹ́ ibùsùn, mo mú ìgò aláwọ̀ aró náà, mo ṣẹ́ awọ po kó lè nípọn sí i, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo sì gbé ọwọ́ mi lé orúnkún wọn.

"Bàbá, ó ti san."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, Rábì."

"Mo mọ̀."

"Bó bá tún yọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí ìwo. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dúró kí ọwọ́ náà gbọ̀n tirẹ̀ tán. Èmi náà á dúró. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìpẹ́ tó kẹ́yìn bó. Wọ́n gbé ọfà náà sójú fèrèsé, àwọ̀ aró bọ́ sára síńgílẹ́ẹ̀tì wọn, ó tẹ́ síbẹ̀, ó ń mì bí wọ́n ṣe ń mí.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ kí ìyá mi tó dé. Ọ̀kadà gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n pọn ọmọ kan tí n kò mọ̀, ọmọ náà ń ké, wọ́n sì ń fi Faransé rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo sáré sí wọn, mo dúró díẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè dì mọ́ lára wọn tí ọmọ kò sí. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ní mo ti ga. Ìgbà tí wọ́n gbá ọwọ́ mi mú ni wọ́n rí àpá náà. Wọ́n rọra kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Alágbẹ̀dẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń ṣe.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n kí nìyí lọ́wọ́ ọmọ mi?"

"Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Èmi ni. Ìgò la jọ ń ṣá. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ìyá mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ló jókòó níwájú wọn. "Mo wá mú un lọ ni, Bàbá," ni wọ́n wí níkẹyìn.

"Ọmọ rẹ ni."

Mo ti ń retí ọjọ́ yìí láti ìgbà iṣu tuntun. Kò sí ohun tí mo rò tó ju kí ìyá mi dé lọ. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Ta ni yóò wá máa bá Bàbá di ìgò mú?"

"Ìgò kẹ̀?" ni ìyá mi wí, wọ́n ń wò káàkiri bóyá wọ́n máa rí ọtí.

"Ọmọdé ni," ni Bàbá Alágbẹ̀dẹ wí. "Má dá a lóhùn." Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ó dùn mí wọ inú egungun. Mo rò pé wọ́n á bẹ ìyá mi, mo rò pé, ó kéré tán, wọ́n á sọ pé èmi ni mo ń bá àwọn ṣe é.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo gbé páálí ẹyin jáde. Ìyá mi ní kò sí bí ìgò ṣe lè wọ inú báàgì tí aṣọ ọmọ ìkókó wà. Mo gbé e padà sínú yàrá, mo gbé e sórí àpótí níbi tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ á ti rí i láti orí ibùsùn. Wọ́n jáde wá síwájú ilé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àdúà fún wa. Wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn sókè sí Ọlọ́run, ọwọ́ òsì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo bọ́ sí apá òsì wọn, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbé ọwọ́ tó ti kú náà sókè, mo là á, mo sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ títí a fi ṣe àmín. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá mi ń wò wá. Nígbà tí a dé Ẹ̀jìgbò, tí a sì wọ mọ́tò, wọ́n gba ọwọ́ mi tó ní àpá, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan wọn, wọ́n sì ń fi ìka rọra ra á títí tí mo fi sùn.

Ní Abíjáǹ, n kò rí àyè dá wà mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo ń sùn sí, ẹni tó bá fẹ́ jáde ní láti dá mi kọjá. Mo kọ́ Faransé, mo pọn àbúrò mi, mo bá ìyá mi tajà. Ariwo wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, síbẹ̀ n kò mọ ẹnìkan tí mo lè jókòó tì láìsọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ilé bọ̀ ló sọ fún bàbá mi pé Bàbá Alágbẹ̀dẹ ti kú, pé wọ́n ti sin wọ́n kó tó kúrò nílé. Bàbá mi jáde lọ, wọ́n lọ dúró létí òpópónà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo fẹ́ lọ dúró tì wọ́n. N kò mọ̀ bóyá mo lè lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mo ti padà wálé, mo ń ránṣọ ní Ẹ̀jìgbò, àwọn ọmọ tèmi náà sì ti tú ká lọ sí ibi tiwọn. Mo ń fi lílọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn falẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ kò lè dìde nílẹ̀ mọ́ ni mo wọ ọ̀kadà, mo ní kí ọlọ́kadà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní í pẹ́. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù tún agboolé kọ́, ilé alájà wà níbẹ̀, wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀. Ọmọ-ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ló mú mi wọlé. Ojú Ìyá Ẹlẹ́kọ ti fọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní Rábì ni, wọ́n tọwọ́ wá mi. Mo bèèrè àwọn ọfà. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ti kó wọn tán tipẹ́, wọ́n fi ta ẹyẹ, wọ́n fi ṣeré, òmíràn gún ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

"Ṣé wọ́n ṣe òmíràn lẹ́yìn tí mo lọ, Ìyá?"

"Wọn ò ṣe ọ̀kan ṣoṣo."

"Kí ló dé?"

"Èmi náà bi wọ́n." Ìyá Ẹlẹ́kọ mí kanlẹ̀. "Mo rí bí wọ́n ṣe ń jókòó tí wọ́n ń wo awọ yẹn, àánú wọn ṣe mí. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú, ṣebí ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti lọ sí Abíjáǹ, pé ó ń bọ̀."

"Wọ́n ní ó ń bọ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń wí títí wọ́n fi dákẹ́ nìyẹn."

Lóde, ọlọ́kadà fun fèrè rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ṣé mo ń lọ ni. Ọlọ́kadà tún fun fèrè. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ní kó máa lọ.